Ímpláǹtì Eyín Séráámíkì Nínú Àgbọ̀n Tí Wọ́n Fi Eegun Lẹ̀: Ọ̀nà Tí Ẹ Máa Gbà Láti Ìbẹ̀rẹ̀

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn pọ̀. Ẹnì kan wà tí àgbọ̀n rẹ̀ wú, tí àyẹ̀wò sọ pé ameloblastoma ni, ìyẹn kókó tó ń hù nínú eegun àgbọ̀n, tí wọ́n gé apá kan eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní UCH Ìbàdàn, LUTH Ìdí-Àràbà tàbí OAUTHC Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n sì fi eegun ìbàdí rẹ̀ dí àlàfo náà. Ẹlòmíràn, ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, eyín iwájú mẹ́ta bá a lọ pẹ̀lú eegun tó gbé wọn dúró. Bàbá kan sì wà tí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ láti ìgbà pípẹ́, tí eegun ibẹ̀ jò títí ó fi kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń gbé wá báyìí: "Ṣé ti funfun yẹn lè ṣeé ṣe fún mi, èyí tí kì í ṣe irin?"

Ímpláǹtì ni súkúrù tí wọ́n ń gbìn sínú eegun kí eyín àtọwọ́dá lè dúró lé e. Ti séráámíkì ni ti funfun yẹn. Síkóníà, irú òkúta funfun kan, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n máa ń gbìn ín sínú eegun àlẹ̀mọ́, ìyẹn eegun tí wọ́n mú láti ibòmíràn wá fi tún àgbọ̀n ṣe, àmọ́ kì í ṣe gbogbo eegun àlẹ̀mọ́ ló gbà á. Èsì tí èmi máa ń fún ẹni tó bá béèrè ni pé kí ó kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ eegun ná, kó tó dé orí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Òpó tí èèyàn rì sínú ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dí, ì báà jẹ́ irin, ì báà jẹ́ igi, ilẹ̀ ló máa sọ bóyá yóò dúró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú eegun tó wà lẹ́nu yín

Ẹ padà sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ yín, kí ẹ sì béèrè fún àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ má gbára lé ohun tí ẹ rántí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ fún dókítà tuntun pé "wọ́n fi eegun sí i", ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Dókítà náà nílò láti mọ ibi tí eegun ti wá, bó ṣe gùn tó, oṣù àti ọdún tí wọ́n fi sí i, àti bóyá pèlébé irin àti súkúrù tí wọ́n fi dè é ṣì wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ eegun kékeré tí wọ́n gé láti ẹ̀yìn àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tàbí láti ibi irùngbọ̀n, àlàfo eyín kan tàbí méjì ni wọ́n sábà máa ń fi dí. Èyí ni ó rọrùn jù láti bá ṣe.

Eegun ìbàdí ni wọ́n ń lò jù nílẹ̀ wa fún àlàfo ńlá tí kókó fi sílẹ̀. Wọ́n lè mú èyí tó pọ̀, ó sì rọ̀ nínú, nítorí náà iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tètè ń hù wọ inú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń jò. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e dé, ara tó yí i ká ni yóò máa bọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í fẹ́ fi í dí àlàfo tó bá ti kọjá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6.

Tí àlàfo bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun ni wọ́n ń gé, pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n á sì so iṣan náà mọ́ ti ọrùn lábẹ́ ẹ̀rọ amúnǹkan-tóbi. Iṣẹ́ wákàtí púpọ̀ ni. Eegun yìí le dáadáa, ó sì ń di ímpláǹtì mú ṣinṣin. Àmọ́ ó kúrú sí eegun àgbọ̀n gidi ní gíga, nítorí náà eyín tí wọ́n bá gbé lé e máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, agbára tí èèyàn fi ń jẹun á sì máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí wọn kì í sábà sọ fún aláìsàn tẹ́lẹ̀: awọ ẹsẹ̀ lè bá eegun náà wá sínú ẹnu. Awọ yẹn kì í ṣe erìgì. Ó nípọn, ó ń mì, irun tilẹ̀ lè máa hù lórí rẹ̀ nínú ẹnu. Wọ́n ní láti gé e fẹ́lẹ́ tàbí kí wọ́n fi awọ òkè ẹnu rọ́pò rẹ̀ kí ímpláǹtì tó lè gba ibẹ̀ jáde láìsí wíwú ojoojúmọ́.

Èyí tó kù ni eegun oníyẹ̀fun: ti màlúù tí wọ́n ti yọ gbogbo ohun alààyè inú rẹ̀, ti òkú èèyàn tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́. Ẹ béèrè orísun rẹ̀ kí wọ́n tó lò ó. Bio-Oss tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò, ti màlúù ni. Àmọ́ awọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo ìyẹ̀fun náà mọ́lẹ̀, Bio-Gide fún àpẹẹrẹ, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Mùsùlùmí tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ ní gbangba; àwọn míì wà tí kì í ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán an tán, ó ti pẹ́ jù láti béèrè.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jẹ́ kí eegun mú, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó jò tán

Ara gbọ́dọ̀ sọ eegun àlẹ̀mọ́ di tirẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á hù wọ inú rẹ̀, ara á máa jẹ ti àtijọ́ díẹ̀díẹ̀, á sì máa fi tuntun rọ́pò. Fún eegun ìbàdí tàbí ti inú ẹnu, oṣù 4 sí 6 ni ọ̀pọ̀ dókítà ń dúró kí wọ́n tó gbin nǹkan. Fún ìyẹ̀fun tí wọ́n dà sí abẹ́ ihò afẹ́fẹ́ tó wà nínú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè, ó lè tó oṣù 6 sí 9. Ti eegun ẹsẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló bá a wá, àwọn mìíràn ń gbin ímpláǹtì sí i lọ́jọ́ kan náà, àwọn mìíràn á dúró tó oṣù 6.

Pípẹ́ jù náà ní wàhálà tirẹ̀. Eegun ìbàdí tí kò rí iṣẹ́ ṣe ń jò, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n ṣe tirẹ̀ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn lè wo àkọsílẹ̀ pé eegun ga tó báyìí báyìí, kí ó dé iwájú ẹ́ksíréè kí ó rí i pé ìdajì ló kù. Ẹ má gbin ohunkóhun lórí àwòrán àtijọ́.

Fún ẹni tí kókó ló gba eegun rẹ̀: ameloblastoma lè padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Dókítà tó gé e ló gbọ́dọ̀ sọ pé ibẹ̀ mọ́ kí dókítà ímpláǹtì tó fọwọ́ kàn án. Kí àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ pọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin ni kí ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yẹ ara yín wò

Àtọ̀gbẹ kì í ṣe ìdènà fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ kò ṣọ́ ni ìdènà. Ẹ ṣe àyẹ̀wò HbA1c, tí ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ dókítà kò ní gbin nǹkan tó bá ti kọjá 8%, àwọn mìíràn ń fẹ́ kó wà ní 7% sísàlẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹ yẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan kò tó.

Sìgá ń pa eegun àlẹ̀mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àti oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kó má ná owó rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ lágbègbè ẹnu tàbí ọrùn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ti wù kó pẹ́ tó, nítorí eegun tí ìtànṣán bá gba ibẹ̀ kọjá lè kọ̀ láti san, tàbí kó kú. Bákan náà ni àwọn tó ń lo oògùn eegun, bíi alendronate tí àwọn àgbà obìnrin ń gbé mì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí abẹ́rẹ́ zoledronate àti denosumab tí wọ́n ń gún fún àwọn tí jẹjẹrẹ ti dé eegun wọn. Ẹ kó gbogbo oògùn yín lọ, títí kan àgbo. Ẹni tó jẹ́ SS náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn bó ṣe yẹ nínú eegun rẹ̀, ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ẹni tó ń wa eyín lóru, ìyẹn ẹni tó ń fi eyín lọ eyín lójú oorun, kí ẹni tí wọ́n jọ ń sùn bá a sọ òótọ́. A óò padà síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ya CBCT

Ẹ́ksíréè OPG, èyí tó ń ya àgbọ̀n látòkè délẹ̀ ní pẹrẹsẹ, kò tó. Ó ń fi gíga eegun hàn, kò fi bó ṣe fẹ̀ tó hàn. CBCT ni ẹ́ksíréè tó ń fi àgbọ̀n hàn láti gbogbo ìhà, ó sì wà ní àwọn ìlú ńlá wa báyìí. Tí dókítà bá fẹ́ gbin ímpláǹtì sínú eegun àlẹ̀mọ́ láìya á, ẹ dìde.

Kí wọ́n ṣí i lórí kọ̀ǹpútà níwájú yín, kí wọ́n sì wọn àwọn nǹkan yìí fún yín. Bí eegun ṣe fẹ̀ tó ṣáájú: ọ̀pọ̀ ímpláǹtì síkóníà fẹ̀ tó mílímítà 4, eegun tó tó mílímítà 1.5 sì yẹ kó yí i ká lọ́tùn-ún lósì, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7. Lẹ́yìn náà, ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, bó ṣe jìnnà sí iṣan tó ń jẹ́ kí ètè mọ nǹkan lára: mílímítà 2 ni ó kéré jù. Bí dókítà bá gún iṣan yìí, ètè ìsàlẹ̀ lè kú tipiri títí láé. Àmọ́ ní ibi tí wọ́n ti gé àgbọ̀n kúrò pátápátá, iṣan náà sábà máa ń bá a lọ, ètè á sì ti kú ṣáájú; tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n yẹn kò kan ibẹ̀ mọ́.

Ẹ wo súkúrù àti pèlébé irin pẹ̀lú. Ó wọ́pọ̀ kí súkúrù kan wà ní ojú ibi tí ímpláǹtì gan-an fẹ́ gbà. Wọ́n á yọ ọ́ ni, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ ọ̀tọ̀ ṣáájú.

Eyín ni dókítà tó mọṣẹ́ ń kọ́kọ́ tò, lórí ẹ̀rọ tàbí lórí ìda, kó tó padà wo ibi tí ímpláǹtì yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní "ibi tí eegun bá wà ni a óò gbìn ín sí, a óò wá ọgbọ́n dá sí eyín tó bá yá", ẹ bi í léèrè irú ọgbọ́n wo.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Funfun tàbí irin

Ọdún 1965 ni Per-Ingvar Brånemark gbin ímpláǹtì táítáníọ̀mù sẹ́nu aláìsàn àkọ́kọ́ ní ìlú Gothenburg, ní Swídìn, lẹ́yìn tó ti rí i lára ehoro pé eegun ń lẹ̀ mọ́ irin yẹn bí ẹni pé ara kan náà ni wọ́n. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí táítáníọ̀mù sílẹ̀, nínú eegun àdámọ́ àti nínú eegun àlẹ̀mọ́. Séráámíkì náà kì í ṣe ọmọ àná: ní Switzerland, Sami Sandhaus ti ń gbin èyí tí wọ́n fi alumina, irú séráámíkì mìíràn, ṣe láti àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà ní Tübingen, ní Jámánì, sì ń lo tiwọn ní àwọn ọdún 1970. Ó ń fọ́. Nígbà tí síkóníà dé ni séráámíkì tún rí ojú padà, nítorí síkóníà tí wọ́n fi èròjà tó ń jẹ́ yttrium díẹ̀ mú le ṣòro láti sán ju alumina lọ fíìfíì.

Wọ́n á sọ fún yín pé kò sí irin nínú rẹ̀ rárá. Irin ni zirconium tí wọ́n fi ń ṣe síkóníà. Nígbà tó bá ti so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn ló di òkúta funfun tí kò hùwà irin mọ́. Táítáníọ̀mù náà máa ń fi ọ́síjìn ṣe aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ara rẹ̀, aṣọ yẹn sì ni eegun ń fọwọ́ kàn. Nítorí náà, ẹ̀rù pé "irin á máa bàjẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀" kò yẹ kó jẹ́ ìdí yín. Àwọn tí ara wọn kò gba táítáníọ̀mù wà, àmọ́ wọ́n ṣọ̀wọ́n.

Ìdí tó dára ni erìgì. Tí erìgì bá fẹ́lẹ́, táítáníọ̀mù lè máa hàn dúdú díẹ̀ nídìí eyín iwájú, síkóníà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí eyín kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìrísí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ síkóníà jẹ́ odindi kan: súkúrù tó wọ inú eegun àti kùkùté tí wọ́n máa gbé orí eyín lé, ara kan náà ni. Dókítà tí mo mọ̀ gbé ọ̀kan lé màmá kan lọ́wọ́, obìnrin tí wọ́n ti fi eegun ìbàdí tún ìhà ọ̀tún àgbọ̀n rẹ̀ ṣe. Ó kéré, ó tutù, ó funfun bí ẹfun, kùkùté rẹ̀ sì yọ sókè bí orí ìgbín kékeré.

"Dókítà, ọmọ mi, eléyìí ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ irin lẹ́nu."

"Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo kọ̀ǹpútà yìí ná." Ó fa ìlà kan gba àárín eegun. "Bí eegun yín ṣe dùbúlẹ̀ nìyí. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí i báyìí, kùkùté tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ló máa yọ sí."

"Ṣé kò ṣeé tẹ̀ ni?"

"Kò ṣeé tẹ̀, Màmá. Kò sì yẹ kí n rẹ́ ẹ púpọ̀, kó má baà sán. Oníirin ni mo lè fi orí tó tẹ̀ dè."

Màmá náà yí i lọ́wọ́ pẹ́, ó dá a padà, ó ní kí wọ́n ṣe oníirin, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí eyín tí wọ́n máa gbé lé e funfun. Orí eyín tó funfun ṣeé gbé lé táítáníọ̀mù. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Síkóníà olápá méjì wà báyìí, tí orí rẹ̀ ṣeé dè lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí eegun bá ti mú un, ó sì dára fún eegun àlẹ̀mọ́ jù odindi lọ, nítorí pé wọ́n lè bò ó sábẹ́ erìgì kí nǹkan kan má fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀, ọdún tí wọ́n fi tẹ̀lé e kò tíì pọ̀, ti inú àgbọ̀n tí wọ́n tún kọ́ sì kéré sí i.

Èrò tèmi rèé. Eyín iwájú kan tàbí méjì, eegun kékeré tó ti mú dáadáa, erìgì fẹ́lẹ́, ẹni tí kì í wa eyín: ẹ ṣe síkóníà, ẹ kò ní kábàámọ̀. Àgbọ̀n tí wọ́n gé kọjá eyín mẹ́rin, eegun ìbàdí tàbí ti ẹsẹ̀, eyín tí wọ́n máa so pọ̀ sórí ọ̀pá kan: ẹ ṣe táítáníọ̀mù. Ibi tí ìtànṣán ti kọjá: ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà tó tọ́jú jẹjẹrẹ yín pinnu, ẹ má sì bínú tí wọ́n bá ní kí ẹ lo eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Dókítà àti owó

Kí orúkọ dókítà wà lórí ìwé MDCN, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tàbí ti GDC, àjọ tó ń forúkọ dókítà eyín sílẹ̀, fún àwọn tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ béèrè iye síkóníà tí ó ti gbìn sínú eegun àlẹ̀mọ́, kì í ṣe iye ímpláǹtì lápapọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, ètò ìlera ìjọba, kì í sábà san owó ímpláǹtì, àmọ́ ẹni tí jẹjẹrẹ ẹnu tàbí ìjàǹbá ló gba eyín rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n lè rò ó fún. Ilé ìwòsàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbà wọlé.

Ẹ ní kí wọ́n kọ owó náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: CBCT, yíyọ súkúrù, ímpláǹtì, orí rẹ̀, eyín tí wọ́n máa gbé lé e, àti ohun tí ẹ máa san tí ímpláǹtì kò bá mú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n kì í kọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọjọ́ tí wọ́n máa gbìn ín

Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ tó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tí ń pa ojú ibẹ̀ kú nìkan ni. Tí wọ́n bá máa fi oorun ṣe é, ẹ tẹ̀lé ìlànà ààwẹ̀ tí wọ́n fún yín, kí ẹnì kan sì bá yín lọ. Ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín bí dókítà ṣe wí.

Omi tútù ni kí ẹ ṣọ́. Bí wọ́n ṣe ń fi dírílì lu eegun, omi iyọ̀ tútù gbọ́dọ̀ máa ṣàn lé e láìdá, nítorí eegun tó bá gbóná dé ìwọ̀n 47 Celsius fún ìṣẹ́jú kan ń kú lójú ibẹ̀. Síkóníà kì í gbé ooru kúrò bí irin, nítorí náà dókítà gbọ́dọ̀ rọra yí i wọlé. Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n á máa pe nọ́ńbà bí wọ́n ṣe ń dè é: agbára tí wọ́n fi yí i ni. Nǹkan bíi 35 Ncm ni ọ̀pọ̀ ń fojú sùn. Tí kò bá dé ibẹ̀ nínú eegun ìbàdí tó rọ̀, dókítà tó gbọ́n kì í gbé eyín kankan lé e lọ́jọ́ náà, ẹ̀bẹ̀ yín kò sì gbọdọ̀ yí i lọ́kàn padà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nílé

Ẹ gbé yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ogún ìṣẹ́jú lé e, ogún ìṣẹ́jú kúrò. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú itọ́ kò burú. Ẹ má yọ ẹnu pẹ̀lú agbára lọ́jọ́ yẹn. Láti ọjọ́ kejì, omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kó ṣàn jáde fúnra rẹ̀.

Oúnjẹ kò ṣòro nílẹ̀ wa. Ẹ̀kọ mímu tó ti tutù díẹ̀, mọ́ínmọ́ín tí kò ní eegun ẹja, àmàlà pẹ̀lú ewédú tàbí gbẹ̀gìrì láìta púpọ̀, ẹyin rírọ̀. Ẹ yàgò fún ata, gààrí gbígbẹ, ẹ̀pà, ẹran tó le, àti ọtí. Ẹ má fi sítíróò fa ohun mímu.

Bó bá jẹ́ pé abẹ́ ihò afẹ́fẹ́ òkè ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, ẹ má fun imú fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ bá sì fẹ́ sín, ẹ la ẹnu. Wọ́n máa ń sọ èyí kíákíá ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí ẹ bá ń lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ láti dá, tí ibà bá dé, tí ọyún bá ń jáde, tí wíwú tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, tàbí tí ètè tó ń mọ nǹkan tẹ́lẹ̀ kò bá padà sípò lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti tán lára. Tí wíwú bá dé ọrùn tàbí ó ń ṣòro láti gbé itọ́ mì tàbí láti mí, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ẹ gba pàjáwìrì lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Oṣù ìdúró

Èyí ló ń ba síkóníà odindi jẹ́ jù. Kùkùté rẹ̀ ti yọ lókè erìgì láti ọjọ́ kìíní, ahọ́n á sì máa lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìdúró. Gbogbo títì yẹn ń mì ín, eegun tó bá rí nǹkan tó ń mì kì í lẹ̀ mọ́ ọn, ẹran fẹ́lẹ́ ló máa hù sí àárín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ohun kan tó máa bò ó, bíi eyín fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n so mọ́ eyín ẹ̀gbẹ́ tí kò kan kùkùté náà, ẹ sì fi ìhà kejì jẹun.

Oṣù 3 sí 6 ni, nínú eegun àlẹ̀mọ́ ẹ gbà pé oṣù 6 ni. Kò sí oògùn tó ń mú un yá.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Orí eyín

Kí dókítà tó gbé eyín lé e, á fi ọwọ́ mì ín, á ya ẹ́ksíréè kékeré. Tí ó bá ń dùn yín nígbà tí ó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ. Ẹ má pa á mọ́ra nítorí pé ẹ ti fẹ́ eyín náà tipẹ́.

Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n sábà fi ń lẹ orí eyín mọ́ síkóníà odindi, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù lábẹ́ erìgì máa ń fa wíwú tó ń jẹ eegun. Ẹ ní kó ya ẹ́ksíréè mìíràn lẹ́yìn lílẹ̀. Eyín tuntun gbọ́dọ̀ fọwọ́ ba eyín tó dojú kọ ọ́ fẹ́rẹ́ ni; bébà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ tí wọ́n ń ní kí ẹ gé jẹ ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹni tó ń wa eyín lóru gbọ́dọ̀ gba ìbòrí eyín tí yóò máa fi sùn lóròòru. Síkóníà kì í tẹ̀ kó tó ṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kọkànlá: Títọ́jú rẹ̀

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àti búrọ́ọ̀ṣì tín-ínrín tó ń wọ àárín eyín. Orín kò burú fún eyín tó kù, àmọ́ ẹ má rún un lórí ímpláǹtì, ẹ má sì fi pákò líle ti erìgì ibẹ̀. Kí ẹni tó máa fọ eyín yín ní kíníìkì lo irinṣẹ́ tí kì í ṣe irin líle, kó má baà ya síkóníà.

Ẹ má fi í fọ́ eegun ẹran. Ẹ má fi í ṣí ìgò. Orógbó, àgbàdo gbígbẹ àti kókóró, ẹ gbé e sí ìhà kejì.

Lọ́dọọdún, ẹ́ksíréè kékeré. CBCT kì í fi ẹ̀gbẹ́ síkóníà hàn kedere, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń bo eegun tó wà nítòsí, nítorí náà ẹ́ksíréè kékeré ló dára jù fún ìṣọ́ yìí. Ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ eyín, òórùn, erìgì tó ń lọ sísàlẹ̀: ẹ má dúró de ọdún. Àti ẹni tí kókó gba àgbọ̀n rẹ̀, ìpàdé yín pẹ̀lú oníṣẹ́ abẹ kò parí nítorí pé eyín ti dé.

Ohun kan kù kí ẹ tó kúrò ní kíníìkì lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín. Páálí ímpláǹtì máa ń ní sítíkà kékeré tó ní orúkọ ilé iṣẹ́, ìwọ̀n, àti nọ́ńbà. Ẹ ní kí wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ káàdì fún yín. Oríṣiríṣi ímpláǹtì ló wà, ohun èlò ọ̀kan kì í bá òmíràn mu, dókítà tí ẹ bá sì bá ní Houston tàbí ní Kútọnu lè má mọ èyí tó wà lẹ́nu yín láti inú ẹ́ksíréè nìkan. Ẹ ya fọ́tò káàdì náà sínú fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ kan tó lè wá a rí nígbàkúùgbà.